Ẹ Wọn Bátìrì Ọ̀kadà Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Ṣágámù, tó ní olè ni gbogbo àwa tí a ń ta bátìrì ọ̀kadà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ó ní bátìrì kẹta rèé tí òun yóò rà láàárín ọdún kan, pé ayédèrú ni gbogbo wọn, pé kí ìjọba wá ti ṣọ́ọ̀bù wa pa. N ò bínú sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ń ṣòfò lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ pariwo. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka lẹ́tà náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú rẹ̀ tí n ò rí: ta ló wọn ọ̀kadà yẹn?

Páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà ní Òkè-Àjẹ, nílùú Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Rewáyà ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iṣẹ́ ò tíì tán, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀. Mítà tó fi ń wọn iná ṣì wà lórí káńtà mi. Nítorí náà, tí mo bá ní kí ẹ má tíì ra bátìrì, ẹ mọ̀ pé ọjà ara mi ni mò ń bà jẹ́.

Ayédèrú wà, n ò jiyàn. Bátìrì wà tí wọ́n kọ 7 áńpù sí lára, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, tí kò wúwo tó èyí tí wọ́n kọ 5 sí. Ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé èkejì sí ọwọ́ òsì, ọwọ́ yín á sọ fún yín, torí òjé ló ń mú bátìrì wúwo, ẹni tó bá sì jí òjé kó lára rẹ̀ kò lè fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn dá ìwúwo padà. Ẹni tó ń ta irú ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ nínú àwọn bátìrì tí àwọn oníbàárà ń gbé padà wá bá mi tìbínú-tìbínú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní àrùn kankan lára nígbà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà ló pa á. Tí wọ́n bá sì gbé òmíràn sí ojú kan náà, yóò pa ìyẹn náà.

Àmù ni bátìrì, kì í dá omi ní fúnra rẹ̀. Kóìlì tó wà nídìí mágínẹ́ẹ̀tì ló ń pọn ọ́n nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Rẹ́tífáyà ló ń yí iná tí kóìlì ṣe padà kó lè wọ inú bátìrì, òun náà ló sì ń dì í mú kó má pọ̀ jù. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá dákẹ́, tàbí wáyà tó so wọ́n pọ̀ bá já, ẹ ra àmù tuntun títí, gbígbẹ náà ni yóò máa gbẹ.

Òǹkàwé yín ní mẹkáníìkì òun ló sọ pé bátìrì ti bàjẹ́, torí iná iwájú ń ṣú tí ọ̀kadà bá dúró, tó sì ń mọ́lẹ̀ kedere tí òun bá fún ẹ̀ńjìnnì níná. Ẹ̀rí yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré tí a ń gùn ládùúgbò yìí, iná iwájú ò bá bátìrì da nǹkan pọ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ kóìlì ló ti ń gba tirẹ̀ tààrà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tàn tí ẹ̀ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́. Pé ó ń ṣú, pé ó ń mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn tó lè jẹ́rìí bátìrì ni fèrè àti tráfíkétọ̀. Ẹ pa ẹ̀ńjìnnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tẹ fèrè. Tó bá ké dáadáa láàárọ̀ tó sì ń fọhùn bí ẹni tí òtútù mú nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fi gbogbo ọjọ́ gùn ún, a jẹ́ pé nǹkan kan ò lọ sínú bátìrì yẹn látàárọ̀.

Bákan náà ni kíkì. Pé ọ̀kadà dìde nígbà tí ẹ fi ẹsẹ̀ ta á kò sọ pé bátìrì dára. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé láti ara kóìlì ni CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì, ti ń jẹun, wọ́n lè dìde láìsí bátìrì lára wọn. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà máa gbé òkú bátìrì kiri fún oṣù mélòó kan láìbìkítà. Tí bátìrì bá sì pẹ́ láìní iná nínú, ohun funfun líle kan máa ń dì mọ́ páànù òjé inú rẹ̀, tó bá ti dì tán, ṣáàjì ò ní wọlé mọ́. Àwọn ọ̀kadà mìíràn wà tó jẹ́ pé inú bátìrì gan-an ni CDI wọn ti ń jẹ. Ìyẹn ò ní tàn yín jẹ rárá: ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni ẹ ó tì í wálé.

Báyìí ni mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sí awo níbẹ̀. Bátìrì 12 fóòtì ni mò ń sọ, fóòtì sì ni gbogbo nọ́ńbà tí mítà yóò kà. Tí ọ̀kadà bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, mo á fi ẹnu mítà pupa kan orí pósítíìfù, mo á fi dúdú kan nẹ́gẹ́tíìfù. Bátìrì tó yó máa ń kà 12.6 sókè díẹ̀. Tó bá kà 12.2, ààbọ̀ ló kù nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 12 tàbí kó dín, ebi ti ń pa á gan-an, ẹ lọ ṣáàjì rẹ̀ ná kí ẹ tó dájọ́ fún un. Èyí tí wọ́n bá ti fi sùúrù ṣáàjì tó kún, tó sùn mọ́jú, tó wá ń kà 10.5, ilé kan nínú ilé mẹ́fà inú rẹ̀ ló ti kú, torí ilé kọ̀ọ̀kan ń mú fóòtì méjì àti díẹ̀ wá. Bátìrì tó kú nìyẹn lóòótọ́. Ẹ mú owó wá, mo á ta òmíràn fún yín.

Àmọ́ 12.6 nìkan kì í tán ọ̀rọ̀. Bátìrì mìíràn á kà á pé ó yó, ká tó fún un níṣẹ́ ni. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ọ̀kadà tó ní bọ́tìnnì sítáátà, mo á ní kí oníbàárà tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mítà ṣì wà lórí bátìrì. Bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ kọjá 9.5, bátìrì yẹn ò lágbára mọ́ tàbí ebi ń pa á. Èyí tí kò ní sítáátà, mo á ṣí gbogbo tráfíkétọ̀ rẹ̀, mo á tẹ fèrè mọ́ ọn, mo á máa wo nọ́ńbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wíwọ̀n kẹta, òun sì ni mẹkáníìkì wa kì í ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fún un níná níwọ̀nba, kí ẹ wá wo mítà lórí bátìrì kan náà. Ó yẹ kó gòkè sí 13.5, kó má sì kọjá 14.5 tàbí díẹ̀ sí i. Bó bá dúró sí 12.4, tó ń rọra lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń pariwo, bátìrì kọ́ ni ẹlẹ́bi, iná ò wọlé sí i. Bó bá sì ń ka 15, 16, rẹ́tífáyà ò dì í mú mọ́. Ẹ ó gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ lára bátìrì yẹn, ara rẹ̀ á gbóná, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ kíákíá, gílóòbù á sì máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní oníbàárà kan tó máa ń ra gílóòbù lọ́wọ́ mi débi pé mo ti fẹ́ máa fún un ní jàrá. Nígbà tí mo ní kó gbé ọ̀kadà náà wá ká wò ó, ó rò pé mo ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Rẹ́tífáyà la pààrọ̀, n kò rí i mọ́ lórí ọ̀rọ̀ gílóòbù.

Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n fi ń dán an wò, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á yọ wáyà lórí bátìrì nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní tí kò bá kú, ó ń ṣáàjì. Irọ́ ni. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé iná tí bátìrì máa ń gbà mọ́ra yóò fò sókè lójijì, yóò jó gílóòbù tàbí CDI, ẹ ó sì wá san owó ohun tí kò ṣe yín tẹ́lẹ̀. Ti èkejì, wọ́n á fi sípánà kan orí bátìrì méjèèjì kí iná lè ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí. Bátìrì tó ń ṣáàjì tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì tán máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń gbaná. Tó bá bú gbàmù, áásíìdì ló máa bá ojú pàdé. Mítà tó ń kọ nọ́ńbà, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó rẹ̀ ò tó ti bátìrì kan. Ìjẹ̀bú ni wá, wọ́n ní a mọ owó ṣọ́. Ẹ wá wo ibi tí a ti ń da owó nù.

Tó bá wá hàn pé kò ṣáàjì, ẹ má tíì ra páàtì kankan. Ọmọkùnrin kan tó ń ná ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó gbé bátìrì wá bá mi, ó ní, “Ìyá, mo ti ra méjì lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìkẹta yìí jìn mí.” Mo ní, “Ọmọ mi, lọ gbé ọ̀kadà wá.” Ó kùn, ó lọ, ó gbé e dé. Ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà ń ka 12.3. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ̀ lé wáyà dúdú láti orí nẹ́gẹ́tíìfù lọ síbi tí wọ́n ti fi bóòtì dè é mọ́ irin ọ̀kadà. Wọ́n ti kun ọ̀kadà náà lọ́dà láìpẹ́, ọ̀dà ló wà láàárín wáyà àti irin. A fi sáńpépà ha ojú irin títí ó fi ń dán, a de bóòtì padà, a fún ẹ̀ńjìnnì níná: 14.1. Sáńpépà nìkan ni mo rí tà lọ́jọ́ náà.

Irú rẹ̀ pọ̀. Orí bátìrì tó ti yọ nǹkan funfun tàbí nǹkan aláwọ̀ ewé, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi gírísì díẹ̀ bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá dè é le. Ẹ wo fíúùsì, kì í sì í ṣe pé kí ẹ kàn fi ojú wò ó lásán, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́tífáyà. Níbi tí a wà yìí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà oko di ẹrọ̀fọ̀, tí àwọn afọkọ̀ tún ń fi omi alágbára fọ́n sínú gbogbo ihò ara ọ̀kadà, omi á jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á máa gbóná, róbà rẹ̀ á yọ́. Ẹni tó bá ra rẹ́tífáyà tuntun tó tún fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì jíjó kan náà ti ra wàhálà. Ẹ tún rántí pé rẹ́tífáyà gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa mọ́ irin, kí ooru rẹ̀ lè rí ibi gbà jáde. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sábẹ́ ìjókòó.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kóìlì. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ yí mítà sí AC, ìyẹn irú iná tí kóìlì ń mú wá kí rẹ́tífáyà tó yí i padà, kí ẹ fún ẹ̀ńjìnnì níná. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń sáré sí i. Lára ọ̀kadà tí wáyà mẹ́ta aláwọ̀ kan náà jáde nínú kóìlì rẹ̀, ẹ wọ̀n wọ́n ní méjìméjì. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, èyíkéyìí nínú wáyà náà ò sì gbọdọ̀ kan irin ara ọ̀kadà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: lára ọ̀pọ̀ àwọn kékeré, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ so ẹnu kóìlì kan mọ́ irin ni. Mẹkáníìkì tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á wọ̀n ọ́n, á ní kóìlì ti jó, á sì yọ kóìlì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ nù. Tí kóìlì bá ń mú iná wá, tí wáyà gbogbo dá ṣáṣá, tí bátìrì ò sì rí nǹkan gbà, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ra rẹ́tífáyà lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń so iná LED méjì mẹ́rin mọ́ iwájú, tí wọ́n tún gbé fèrè tírélà sí i, èmi náà ló ń tà á fún wọn, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Iná méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 wáàtì yóò máa fa áńpù mẹ́ta ó lé díẹ̀ lára bátìrì 12 fóòtì. Bátìrì 5 áńpù (áńpù kan fún wákàtí márùn-ún ni wọ́n ń wí) ò lè gbé ìyẹn fún wákàtí méjì tí kóìlì ò bá ràn án lọ́wọ́, kóìlì ọ̀kadà kékeré ò sì ní agbára tó ṣẹ́kù púpọ̀. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ bọ̀ lálẹ́ nílò iná, n ò ní kó má so ó. Kó so ẹyọ kan, kó sì máa pa á tó bá wọ ìgboro.

Mo fẹ́ bá àwa tí a ń tà á náà wí. Bátìrì gbígbẹ tó wà nínú páálí, tí ẹ bá da áásíìdì sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí kó mu ún, kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣáàjì bátìrì 5 áńpù kò yẹ kó ju ààbọ̀ áńpù lọ, ìyẹn sì ń gba wákàtí tó lé ní mẹ́wàá tó bá ti gbẹ tán. Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò da áásíìdì, a óò gbé e fún oníbàárà tó ń kánjú, tàbí kí oníṣáàjì tò ó mọ́ bátìrì mọ́tò, kó máa hó nínú iná ńlá yẹn. Ọlọ́kadà náà á tún wá bu omi inú ọ̀rá sí i tí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Omi bátìrì nìkan ló yẹ kí wọ́n bù kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ọ̀rá, kì í sì í ṣe áásíìdì.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi fẹ́ kí a máa sọ bátìrì nù bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tí òkú bátìrì ń lọ? Àwọn tó ń rà á ń gbé òṣùwọ̀n wá, wọ́n ń fi kílò rà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé. Ògijo kò jìnnà, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù tí òǹkàwé yín ti kọ̀wé ló wà. Ní 2025, àwọn oníròyìn nílé àti lókè òkun gbé e jáde pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògijo wò, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àtọmọdé àtàgbà. Òjé kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń gbé sára. Ọpọlọ rẹ̀ ló máa ń bá jà. Bátìrì tó yẹ kó lo ọdún méjì tí a fi ìwà àìwọ̀n pa láàárín oṣù díẹ̀, iná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé yẹn la kó o lọ fún. N ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún máa fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé, kó máa da omi rẹ̀ sí gọ́tà.

Ẹ̀bẹ̀ mi, Olóòtú, ni pé kí ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sójú ewé yín gbàgàdà: 12.6 nígbà tó ń sinmi, kó má já kọjá 9.5 nígbà tí sítáátà ń fà á, 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń sáré. Kí ọlọ́kadà gé e, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ọ̀kadà rẹ̀, kó sì béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, tí bátìrì tún kú láìpẹ́ ọjọ́, kó gbé e padà fún ẹni tó tà á fún un, kó sì jà dáadáa. Èmi á gbè é lẹ́yìn.

Kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì náà má fún ọmọ iṣẹ́ kankan ní fírídọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ó dúró lójú ọ̀gá rẹ̀, kó wọn bátìrì nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì sọ ohun tí nọ́ńbà ń wí. Aṣọ ẹgbẹ́ àti ìrẹsì lè dúró dè é fún wákàtí kan. Tí wọ́n bá ní mítà ni kò sí, mo ti fi ọ̀kan pamọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òkè-Àjẹ. Kí wọ́n kàn mọ̀ pé bátìrì 9 fóòtì ló ń gbé mítà náà ṣiṣẹ́, ìyẹn náà á sì kú lọ́jọ́ kan. Owó ara wọn ni wọ́n máa fi ra èyí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onípáàtì,
Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde.